Ilé Opó Wo Lẹ Ti Jókòó Rí?

Nígbà tí mo kó dé Festac, ayẹyẹ ńlá tí ìjọba tìtorí rẹ̀ kọ́ ìlú náà ti parí. Àwọn àlejò ti lọ sílé wọn, wọ́n sì ti mú ìbò pín àwọn ilé náà fún àwa òṣìṣẹ́ ìjọba. Tèmi bọ́ sí àjà kejì. Ìyàwó mi ti kú kí kọ́kọ́rọ́ náà tó tẹ̀ mí lọ́wọ́, nítorí náà èmi nìkan ni mo ń gbé inú yàrá mẹ́ta. N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni káàánú mi. Àwọn tí ó máa ń káàánú ẹni kì í mọ ìgbà tí ó yẹ kí wọ́n dìde lọ sílé.

Sójà kan ló bá mi kó ẹrù. Awakọ̀ ni ní bárékè tí ó wà lójú ọ̀nà Badagry. A jọ máa ń dúró de mọ́tò ní Mile 2, a sì máa ń kí ara wa. Ọjọ́ ìsinmi rẹ̀ ló fi bá mi ṣe é. Ó gbé fìríìjì mi gun àtẹ̀gùn, kò sì sinmi lójú ọ̀nà. Nígbà tí mo na owó sí i, ó rẹ́rìn-ín.

"Bàbá, omi tútù ni kí ẹ fún mi. Ìyàwó mi ń ránṣọ. Ẹ jẹ́ kó rán kọ́tíìnì yín, ìyẹn á tó wa."

Bí ìyàwó rẹ̀ ṣe rán kọ́tíìnì gbogbo fèrèsé mi nìyẹn. Mo yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, nítorí olùtọ́jú ilé ìkẹ́rùsí ni mí lẹ́nu iṣẹ́, n kì í fojú fo àléébù. N kò rí òwú kan tí ó ta síta.

Nígbà tí ó yá, lọ́rí àwọn ọmọ ogun tí ọkùnrin náà ń wà dojú dé lójú ọ̀nà Badagry kan náà. Ó kú. Kò kú sójú ogun, nítorí náà kò sí ẹni tí ó pè é ní akọni. Ilé bárékè kì í sì í ṣe ilé opó. Wọ́n ní kí ìyàwó rẹ̀ kó jáde kí sójà mìíràn lè wọlé. Àwọn ẹbí ọkọ wá kó ẹrù olóògbé lọ sí ìlú wọn, wọ́n sì ka maṣíìnì ìránṣọ ìyàwó mọ́ ọn, wọ́n ní ọmọ àwọn ló fi owó rẹ̀ rà á. Obìnrin náà kó àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́ta lọ sí Kuje tí kò jìnnà sí Festac, sínú yàrá kan nílé àbúrò ìyá rẹ̀, ibẹ̀ ni ó ti ń ṣe opó.

Ọkọ àbúrò ìyá rẹ̀ kì í ṣe èèyàn burúkú, ṣùgbọ́n ó sọ ojú abẹ níkòó: bí ó bá ti jáde opó, kí ó máa san owó yàrá tàbí kí ó wá ibòmíràn. Àbúrò ọkọ rẹ̀ náà ti ń ránṣẹ́. Ó ní òun yóò wá mú àkọ́bí, ọmọbìnrin kan tí orí rẹ̀ pé dáadáa nínú ìwé, pé òun ti rí ilé ọlọ́lá kan ní Surulere tí yóò ti máa fọ abọ́. Bí maṣíìnì bá dé kí opó tó parí, ìyá náà yóò máa ránṣọ nínú ilé, yóò rí owó yàrá san. Bí kò bá dé, àwọn ọmọ yóò fọ́n ká. Ọ̀rọ̀ náà kò le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn èèyàn ló sọ ọ́ di líle.

Bí oṣù kìn-ín-ní ọdún bá ń sún mọ́lé, tí ìjọba fẹ́ ṣe ìrántí àwọn ọmọ ogun tí ó kú, Èkó a máa kún fún àwọn olùfẹ́ sójà. Ní gbogbo oṣù yòókù, n kì í mọ ibi tí wọ́n ń gbé. Lọ́dún náà mo rí ọkùnrin kan ní Mile 2 tí ó fi igi tilẹ̀, tí ó ń ta òdòdó pépà fún àwọn èrò ọkọ̀, tí ó ní ọta ìbọn ló ba ẹsẹ̀ òun jẹ́. Ọ̀gá kan ju owó sí i láti inú mọ́tò, atẹ́gùn sì gbé owó náà lọ sí òdìkejì títì. Ọkùnrin náà fi igi sílẹ̀, ó sáré gba iwájú tírélà kọjá. Ọlọ́run ṣe ìwòsàn ní Mile 2 lọ́jọ́ náà, kò sì sí wòlíì kankan níbẹ̀.

Ẹgbẹ́ àwọn ọkùnrin ìjọ wa máa ń fi owó ìparí ọdún se ìrẹsì jẹ. Lọ́dún náà, ẹnì kan dábàá pé kí á fi ra maṣíìnì ìránṣọ kan fún opó sójà. Inú mi dùn débi pé mo sọ̀rọ̀ nínú ìpàdé, ohun tí n kì í ṣe. Mo sọ nípa obìnrin Kuje. Gbogbo wọn mi orí. A ra maṣíìnì náà, èyí tí wọ́n ń fọwọ́ yí, tí ó ní àpótí pákó tirẹ̀, wọ́n sì ní kí ó wà nílé mi, nítorí èmi ni mo ń tọ́jú ohun ìní ẹgbẹ́. Mo rò pé ó kù kí á gbé e lọ. Mo gbàgbé pé èèyàn ni wá, a ò lè ṣe oore kí á má wá ẹni tí yóò wò wá.

Alága wa, ọkùnrin kan tí mo fi ohun tó lé ní ọdún mẹ́wàá jù lọ, tí ó fẹ́ràn agbádá àti gbohùngbohùn, ní kò yẹ kí á fi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ fúnni ní kọ̀rọ̀. Ó ní kí á wá ẹgbẹ́ aláàánú tí ó lórúkọ, kí á fi rán wọn. Àwọn ọ̀rọ̀ yìí tàn kálẹ̀, kò sì pẹ́ tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í wá bá wa. Àwọn kan wá, wọ́n ní ẹgbẹ́ sójà àtijọ́ ni àwọn. Wọ́n kọ́kọ́ jà lórí ẹni tí yóò sọ̀rọ̀. Nígbà tí wọ́n jà tán, wọ́n ní kí á bá àwọn kọ́ gbọ̀ngàn ìpàdé.

Lẹ́yìn wọn ni ìwé Màdáámù dé. Ìyàwó ọ̀gá ńlá kan nínú iṣẹ́ ológun ni, òun sì ni ààrẹ ẹgbẹ́ kan tí wọ́n dá sílẹ̀ fún àwọn opó sójà. Ìwé náà nípọn, ó ń dán, àwòrán Màdáámù wà lójú ìwé kọ̀ọ̀kan. Mo pẹ́ kí n tó rí ilé ìwé lọ. Irùngbọ̀n ti ń hù lágbọ̀n mi nígbà tí mo jókòó láàárín àwọn ọmọdé. Bóyá ìdí rẹ̀ nìyẹn tí n kì í fi í ka ìwé ní ìlàjì. Mo ka ti Màdáámù dé ìsàlẹ̀. A ó kọ́ ilé, a ó ra oògùn, a ó rán ọmọ lọ sílé ìwé. N kò rí ibì kan tí wọ́n ti sọ pé wọ́n ti ṣe nǹkan.

"Ẹ̀gbọ́n," Alága wí, "ẹgbẹ́ yìí lórúkọ o!"

"Mo rí i."

"Tẹlifíṣọ̀n ń bọ̀ níbi tí wọ́n ti fẹ́ pín nǹkan!"

"Kí ló fẹ́ wá rán?"

Ó wò mí bí ẹni tí ń wo ọmọ tí kò gbọ́ ohun tí olùkọ́ ń sọ.

Èmi àti òun lọ rí Màdáámù nínú ilé àlejò kan ní Festac. Àga rẹ̀ rọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi rò pé n kò ní lè dìde mọ́. Wọ́n gbé ọtí dídùn àti bisikíìtì fún wa. Màdáámù sọ̀rọ̀ pẹ́, ó nu ojú lẹ́ẹ̀mejì, ojú náà kò sì tutù. Nígbà tí ó parí, mo béèrè ohun kan ṣoṣo tí mo bá lọ.

"Màdáámù, ilé opó wo lẹ ti jókòó rí?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Bàbá, àwọn ni wọ́n ń wá bá wa. A ti gba gbọ̀ngàn fún wọn, kí wọ́n kàn wá gba ohun tiwọn. Ìlànà wa ni pé kí opó fúnra rẹ̀ wá."

Mo sọ fún un nípa ti Kuje. Mo ní opó ni obìnrin náà ṣì ń ṣe, kò gbọdọ̀ jáde.

"Fún wákàtí kan péré ńkọ́?" Màdáámù béèrè. "Kí ó fi gèlè bo orí wá. Ẹni tí ìyà bá ń jẹ ní tòótọ́ á wá."

Alága mi orí. "Ẹni tí ìyà ń jẹ á wá," òun náà wí.

Mo mu ọtí mi tán. Ẹgbẹ́ opó ni wọ́n dá sílẹ̀. Ọmọ Yorùbá ni gbogbo wọn. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ìyá rẹ̀ tàbí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò tíì ṣe opó rí, tí kò mọ̀ pé obìnrin tí ọkọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kú, tí ọ̀rọ̀ gbóná lọ́dọ̀ rẹ̀ jù lọ, kì í kọjá ẹnu ọ̀nà. Síbẹ̀ wọ́n tẹ́ àga sí gbọ̀ngàn, wọ́n ní kí ó jáde wá. Àwọn wo ló kù tí yóò jáde?

Lọ́jọ́ kejì mo lọ sí Kuje láti lọ sọ fún obìnrin náà pé ọ̀rọ̀ ń bọ̀. N kò tíì wọ àgbàlá tí ìyá arúgbó kan tí ó ń fín áṣáà lórí àpótí fi gbé ọwọ́ sókè sí mi.

"Ẹ dúró níbẹ̀ yẹn, Bàbá. Ta lẹ̀ ń wá?"

Mo sọ ọ́.

"Ṣé ẹ̀yin ni Bàbá Festac, tí ìyàwó yín kú?"

"Èmi ni."

"Ẹ̀n-ẹ́n! Opó lẹ wá ń wò. Ẹ ò ṣe sùúrù kó bọ́ aṣọ dúdú ná?"

Àwọn obìnrin méjì tí ó ń pọnmi bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀kan ní, "Ó ti kánjú jù, Ìyá Sájẹ́ǹtì. Ẹ jẹ́ kó máa lọ kó rọ agbádá." Ara mi gbóná. N kò ronú kan ibẹ̀ rí, ṣùgbọ́n òótọ́ ni: ọkùnrin tí kò ní aya tí ó ń ṣí ìlẹ̀kùn opó, bí ó gbé maṣíìnì lọ́wọ́, bí ó gbé Bíbélì lọ́wọ́, ohun kan náà ni ayé yóò pè é. Mo dúró síta àgbàlá náà, mo sì ṣàlàyé ara mi.

Ìyá Sájẹ́ǹtì gbọ́ mi tán. Ọkọ rẹ̀ ti jẹ́ sájẹ́ǹtì kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó gé, ó sì ti pẹ́ tí wọ́n ti kúrò ní bárékè. Òun àti àwọn ìyàwó sójà mìíràn tí ó ń gbé lágbègbè náà títí dé Abúlé Adó ni wọ́n ń pín iṣẹ́ ilé náà ṣe. Ọ̀kan ń pọnmi, ọ̀kan ń sùn tì í, ọ̀kan ń lọ jókòó sí ọ́fíìsì nítorí owó ikú ọkọ, òun alára ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà láti lé àbúrò ọkọ tí ó fẹ́ mú ọmọ lọ.

"Ó tún wá lánàá," ó wí. "Mo ní ṣé ó rí orí mi? Bó bá fọwọ́ kan ọmọ yẹn, àwo áṣáà yìí ni n ó dà sí i lójú."

"Ẹgbẹ́ yín ńkọ́?" mo béèrè. "Kí lorúkọ rẹ̀?"

"Orúkọ wo? A kàn ń wá ni."

Mo padà sí ìpàdé, mo ní kí á gbé maṣíìnì náà fún àwọn obìnrin yẹn kí wọ́n gbé e wọlé fún un. Alága ní, "Àwọn wo? Wọn ò níwèé, wọn ò lórúkọ." Ó wá rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin àti opó Kuje yìí, ṣé kò sí nǹkan?" Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Nígbà tí a dìbò, èmi nìkan ni mo na ọwọ́ sí apá tèmi. Wọ́n gbà pé kí Màdáámù ya maṣíìnì náà sọ́tọ̀ fún opó Kuje, bí ó bá lè wá. Èmi ni wọ́n ní kí n gbé e dé gbọ̀ngàn.

Mo gbé e dé ibẹ̀. Kámẹ́rà tẹlifíṣọ̀n wà níwájú bí ọba. Àwọn ìyàwó àwọn ọ̀gá wà lórí pèpéle, àwọn òbí mi ìbá pè wọ́n ní àlejò ìgbéyàwó. Àwọn opó jókòó sẹ́yìn. Mo wò wọ́n. Àwọn àgbàlagbà kan wà níbẹ̀ tí ó dájú pé ọkọ wọn ti kú tipẹ́, mo sì bọ̀wọ̀ fún wọn. Ṣùgbọ́n àwọn mìíràn lé tìróò, wọ́n ń wo aago.

Wọ́n pe opó àkọ́kọ́. Ó kúnlẹ̀, ó fọwọ́ kan maṣíìnì wa, iná kámẹ́rà tàn. Wọ́n ní kí ó lọ jókòó. Ọkùnrin kan gba ẹ̀gbẹ́ gbé maṣíìnì náà sọ̀kalẹ̀, ó gbé e yí ẹ̀yìn pèpéle, ó sì tún gbé e gòkè láti apá kejì. Wọ́n pe opó kejì. Ó kúnlẹ̀, ó fọwọ́ kan maṣíìnì kan náà. Nígbà tí ó dé ọ̀dọ̀ ẹnì kẹta, mo dá ọkùnrin náà dúró lẹ́yìn pèpéle.

"Ta ló ni maṣíìnì yìí nínú wọn?"

"Bàbá, ti fọ́tò lèyí. Wọ́n á pín tiwọn tó bá yá."

"Nígbà wo?"

"Tó bá yá."

Lẹ́yìn náà Màdáámù pe opó Kuje nínú gbohùngbohùn. Kò sí ẹni tí ó dáhùn. Ó pè é lẹ́ẹ̀kejì, ó sì kọjú sí àwọn èèyàn. "Ẹ rí i? A ṣe é tán fún wọn, wọn kì í wá." Àwọn èèyàn pòṣé. Wọ́n pòṣé sí obìnrin tí ó jókòó nínú yàrá kan ní Kuje, tí aṣọ dúdú wà lára rẹ̀ nítorí ọkọ rẹ̀. Màdáámù ní kí ẹnì kan bá wọn ṣojú rẹ̀ fún fọ́tò. Ọmọbìnrin kan tí ó kun èékánná pupa dìde lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti ń pín ọtí dídùn. Ó ṣe ojú rẹ̀ bí ẹni fẹ́ sunkún, ó sì kúnlẹ̀.

Mo gun pèpéle. N kò mọ ìgbà tí mo dìde. Mo di àpótí maṣíìnì náà mú, iná kámẹ́rà sì tàn.

"Bàbá, kí ló dé?" Màdáámù béèrè.

"Mo fẹ́ gbé e lọ fún un."

"Ẹ ti fi fún wa!"

"A ò tíì fi fún yín. Alága wa ò tíì sọ̀rọ̀."

Gbogbo wọn mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni. Nílẹ̀ wa, ẹ̀bùn tí ẹni tí ó mú un wá kò tíì sọ̀rọ̀ lé lórí, ẹrù rẹ̀ ṣì ni. Màdáámù ni ó fi ọ̀rọ̀ Alága sí ìparí, kí àwọn ọ̀gá lè kọ́kọ́ sọ tiwọn. Alága dìde, ìwé ọ̀rọ̀ rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wò mí, ó wo Màdáámù, ó wo kámẹ́rà. Láti ìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí kò rí ọ̀rọ̀ sọ. Mo gbé maṣíìnì náà lé èjìká, mo gba àárín wọn jáde.

Ní Kuje, mo dúró síbi tí mo dúró sí tẹ́lẹ̀. Ìyá Sájẹ́ǹtì rí mi, ó fi áṣáà sílẹ̀.

"Ẹ gbé e sílẹ̀ níbẹ̀ yẹn. Ẹ má wọlé o."

"N kò fẹ́ wọlé."

Òun àti obìnrin kan gbé e wọlé. Mo nu òógùn ojú mi. Mo ti ń yí padà nígbà tí mo gbọ́ ohùn obìnrin náà láti ẹ̀yìn fèrèsé, ohùn tí n kò tíì gbọ́ láti ọjọ́ tí ọkọ rẹ̀ ti kú.

"Bàbá Festac, ẹ ṣé o. Kọ́tíìnì yín ńkọ́?"

"Ó wà."

"Ṣé kò tíì já níbì kankan?"

"Kò já."

"Bó bá já, ẹ fi rán Ìyá Sájẹ́ǹtì."

Kí n tó dé ojú títì, maṣíìnì náà ti ń dún.

Ẹgbẹ́ bínú sí mi fún ìgbà díẹ̀, wọ́n sì gba ìtọ́jú ohun ìní lọ́wọ́ mi. Ó tẹ́ mi lọ́rùn. Alága rí fọ́tò ọjọ́ náà gbà, ó sì gbé e kọ́ sí pálọ̀ rẹ̀. Màdáámù wà nínú rẹ̀, ọmọbìnrin eléékánná pupa wà níbẹ̀, òun náà wà lẹ́yìn tí ó la ẹnu. Ọwọ́ kan di àpótí maṣíìnì mú láti ẹ̀gbẹ́, ṣùgbọ́n férémù gé ẹni tí ó ni ọwọ́ náà kúrò.

Obìnrin náà jáde opó nínú yàrá kan náà, ó ń san owó rẹ̀. Àbúrò ọkọ wá lẹ́ẹ̀kan sí i, ó bá àkọ́bí níbi tí ó ti ń ka ìwé rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ maṣíìnì, ó jókòó díẹ̀, ó sì lọ. Ìyá Sájẹ́ǹtì ló ròyìn rẹ̀ fún mi. Òun náà ló sọ fún mi pé Alága gbé ṣòkòtò méjì wá kí wọ́n bá òun gé e kúrú, tí ó ní kí obìnrin náà dín owó kù fún òun, nítorí ẹgbẹ́ òun ló fún un ní maṣíìnì.

"Kí ló wí fún un?" mo béèrè.

"Ó ní, 'Ẹ má bínú, Bọ̀dá, n ò bá yín pàdé ní gbọ̀ngàn.' Ó gba owó rẹ̀ pé."